Ilé Destrehan létí odò Mississippi: Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìtàn rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe kọ́ ọ

Ilé wo gan-an là ń sọ?

Ilé olóko ẹrú kan ni, ní ìlú Destrehan, ní Párìṣì St. Charles (bí ìjọba ìbílẹ̀ ni párìṣì jẹ́ níbẹ̀), ìpínlẹ̀ Louisiana, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Téèyàn bá gbéra ní New Orleans, tó ń bá odò Mississippi lọ sókè, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni nínú mọ́tò. Láàárín 1787 sí 1790 ni wọ́n kọ́ ọ. Nínú gbogbo ilé olóko tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì Mississippi, òun ni wọ́n kà sí èyí tó pẹ́ jù tí ìwé ẹ̀rí wà fún, torí pé ìwé àdéhùn tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún kọ́lékọ́lé ṣì wà títí dòní. Ohun tó jẹ́ ká mú un nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, àròsọ ìdílé olówó nìkan ló kù nípa wọn. Ti Destrehan, ẹni tó kọ́ ọ, bó ṣe gùn tó àti ohun tí wọ́n san, gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀.

Ta ló kọ́ ọ, kí ni wọ́n sì san fún un?

Robert Antoine Robin de Logny ló ni oko. Ẹni tó gbé iṣẹ́ ilé fún ni Charles Paquet, káfíńtà tó tún ń ṣe bíríkìlà, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti ti funfun jọ wà lára rẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ òmìnira, kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Sípéènì ló ń ṣàkóso Louisiana nígbà náà, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn wọn ní 1787.

Ohun tí ìwé náà bèèrè kò lọ́jú pọ̀: ilé tó gùn ní 60 ẹsẹ̀ bàtà, tó fẹ̀ ní 35, tí wọ́n gbé sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 10 lórí òpó bíríkì, tí fàráńdà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12 yí i ká, pẹ̀lú ibi ìdáná márùn-ún. De Logny máa kó ẹrú mẹ́fà fún Paquet láti bá a ṣiṣẹ́.

Owó iṣẹ́ wá ni ẹrú ọkùnrin kan, abo màlúù kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, òṣùwọ̀n ìrẹsì 50 tí wọn ò tíì pa, òṣùwọ̀n àgbàdo 50 tí wọn ò tíì bó, àti 100 piastre, owó ìgbà náà, tó bá ti parí iṣẹ́. Ẹ tún ìlà yẹn kà. Èèyàn ni nǹkan àkọ́kọ́ nínú owó náà, ẹni tó sì gbà á jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Òfin Louisiana fàyè gba aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òmìnira láti ní ilẹ̀, láti dá iṣẹ́ sílẹ̀, àti láti ní ẹrú. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí gbogbo ẹni burúkú wà lápá kan, tí gbogbo ẹni rere wà lápá kejì, kò ní rí i nínú ìwé yìí.

Ṣé òpó funfun ńlá ńlá iwájú yẹn ti wà látìbẹ̀rẹ̀?

Rárá o. Ibi tí ojú ti máa ń tan ọ̀pọ̀ àlejò nìyí. Ilé tí Paquet kọ́, ilé Kirioo ni, irú èyí tí àwọn ará Faransé tó wà ní Louisiana àti ní erékùṣù Káríbíà máa ń kọ́: igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé òrùlé fàráńdà òkè dúró, òrùlé sì fẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ bíi fìlà etí-gbòòrò. Ní 1839, Pierre Adolphe Rost, adájọ́ tó fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ìdílé Destrehan, ra ilé náà. Nígbà náà, ilé tó jọ tẹ́ńpìlì Gíríìkì ló wà lóde. Rost fi òpó bíríkì yíyípo tó sanra, tí wọ́n rẹ́ tí wọ́n sì kùn ní funfun, rọ́pò àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ó yí ojú ilẹ̀kùn àti ibi ìdáná padà, ó sì dí fàráńdà ẹ̀yìn láti fi ṣe gbàgede àbáwọlé tí àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀.

Torí náà, iwájú tí ẹ̀ ń wò nínú fọ́tò kéré sí ara ilé fúnra rẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ilé Kirioo ló wà nísàlẹ̀ aṣọ Gíríìkì yẹn, ẹ gbójú kúrò lára òpó, kí ẹ wo òrùlé. Òrùlé alápá mẹ́rin ni, tó ga ṣóńṣó láàárín, tó wá tẹ́ sílẹ̀ nígbà tó dé orí fàráńdà. Ilé tí wọ́n bá kọ́ ní ti Gíríìkì látìbẹ̀rẹ̀ kì í ní òrùlé bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ṣe ògiri òkè? Wọ́n ní amọ̀ ni.

Amọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ kọ́ ló gbé ilé dúró. Igi sípírẹ́sì ni egungun rẹ̀. Igi inú irà ni, ó máa ń pẹ́ kó tó jẹrà, ikán kì í sì í tètè jẹ àárín àwọn tó ti gbó. Wọ́n á gbẹ́ orí igi kan kó tín-ín-rín wọnú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára èkejì, wọ́n á wá fi èèkàn igi kàn án pa. Wọn kì í lo ìṣó níbẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó tò ó sókè, káfíńtà á sì fín àmì nọ́ńbà Róòmù sára igi méjì tó bá ara wọn lọ, kí wọ́n má bàa ṣì í gbé.

Àárín igi sí igi ni amọ̀ ń bọ́ sí. Bousillage ni wọ́n ń pè é ní Louisiana. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé:

Wọ́n á kọ́kọ́ lọ já Spanish moss, ewé eérú gígùn tó máa ń so rọ̀ sílẹ̀ lára igi óákù. Tútù rẹ̀ kò ṣeé lò. Wọ́n á kó o jọ sínú omi tàbí kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí awọ ara rẹ̀ á fi jẹrà, tá wá ku okùn dúdú tó le bí irun ẹṣin. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á da amọ̀ sí i pẹ̀lú omi, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n á máa fi okùn yẹn lé e díẹ̀díẹ̀ títí á fi dì mọ́ra. Ẹni tó bá ti bá wọn po amọ̀ ilé lábúlé rí mọ ìdí tí ẹsẹ̀ fi dára ju ṣọ́bìrì lọ fún èyí.

Láàárín igi méjì, wọ́n á ti há ọ̀pá kéékèèké sí i bí ìgbésẹ̀ àkàbà, kí àlàfo wọn má ju ìbú ọwọ́ lọ. Wọ́n á bu amọ̀ náà, wọ́n á yí i gùn bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀, wọ́n á fi kọ́ ọ̀pá, wọ́n á tẹ etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sókè. Tó bá gbẹ, ó máa sán. Wọ́n á dí ojú sísán yẹn, wọ́n á wá fi láìmù rẹ́ ẹ. Ìkarahun tí wọ́n kó létí omi tí wọ́n sì sun ni wọ́n ti ń rí láìmù náà.

Kí ló máa ń bà á jẹ́?

Omi. Bí òrùlé ò bá jò, tí fàráńdà sì bo ògiri, bousillage lè lo igba ọdún. Bí omi bá rí àyè wọ̀ láti òkè, á padà di ẹrẹ̀, á sì máa yọ́ bọ́ láàárín igi. Bí amọ̀ bá pọ̀ ju iyanrìn àti okùn lọ, á súnkì, àlàfo á ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Bí wọn ò bá jẹ́ kí moss jẹrà dáadáa kí wọ́n tó lò ó, inú ògiri ló ti máa jẹrà, okùn tó yẹ kó so amọ̀ pọ̀ á sì ti lọ. Àwọn igi tó sùn sísàlẹ̀ ògiri ló sì máa ń kọ́kọ́ kú, torí ibẹ̀ ni omi ń dúró sí.

Kí ló dé tí wọ́n gbé ilé sókè ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá? Àkúnya omi ni?

Àkúnya wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Oko wọ̀nyí dojú kọ odò, òkìtì tí ẹrú fi ọwọ́ mọ ló sì ń dá omi dúró. Tí òkìtì bá já, ìsàlẹ̀ á kún. Síbẹ̀, òkè náà ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, ọ̀rinrin ilẹ̀ kì í sì í dé ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ kò ṣófo: bíríkì ni ògiri rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ọtí wáìnì, oúnjẹ àti irinṣẹ́ sí, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹrú inú ilé ti ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn. Òkè ni ọ̀gá ń gbé.

Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, omi kò jìn sí ojú ilẹ̀, kò sí àpáta tí ìpìlẹ̀ lè bá. Ṣe ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ògiri bíríkì fẹ̀ nísàlẹ̀ kí ìwọ̀n ilé lè pín. Kò sí ohun tó yani lẹ́nu bí òpó kan bá rì ju èkejì lọ nínú ilé tó ti lé ní igba ọdún.

Kí ló dé tí kò sí ọ̀nà àárín láàárín yàrá?

Fàráńdà ni ọ̀nà wọn. Nínú ilé Kirioo, yàrá ṣí sí yàrá, gbogbo wọn sì ṣí síta. Ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn dojú kọ ara wọn kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá. Ilé tí ọ̀nà gígùn gba àárín rẹ̀ kọjá, àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e wá lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ra Louisiana ní 1803.

Àwọn apá méjèèjì ẹ̀gbẹ́ ilé ńkọ́?

Jean Noel Destrehan, ọkọ Marie Celeste, ọmọ de Logny, ló kọ́ wọn. Òun ló gba ilé lẹ́yìn tí de Logny kú ní 1792. Ọmọ mẹ́rìnlá ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, ilé Paquet ò sì gbà wọ́n mọ́. Nígbà tó fi máa di 1812, apá méjèèjì ti dúró, àwọn ọmọ àti àlejò ló ń gbé ibẹ̀.

Kí ni wọ́n ń gbìn?

Èlú ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn, tí wọ́n ń fi ṣe aró. Láàárín 1790 sí 1800, kòkòrò àti ojú ọjọ́ ba èlú jẹ́. Ní 1795, Étienne de Boré, ọkọ ẹ̀gbọ́n Jean Noel lóbìnrin, rí i ṣe láti se omi ìrèké títí ó fi di ṣúgà oníhóró nínú oko tirẹ̀ nítòsí New Orleans. Antoine Morin tó ti kọ́ṣẹ́ ní Saint-Domingue, tó di Hàítì lónìí, ló bá a ṣe é. Láti ìgbà náà ni ìrèké ti gba gbogbo etí odò, iye ẹrú sì fò sókè. Iṣẹ́ ìrèké ń pani. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, sísè rẹ̀ kì í dúró lóru, torí ìrèké tí wọ́n gé á kan bí wọn ò bá tètè fún un, òtútù yìnyín náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣúgà ló san owó apá méjèèjì ilé àti òpó Gíríìkì.

Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1811?

Ní 8 January 1811, àwọn ẹrú dìde nínú oko Manuel Andry, níbi tó di LaPlace lónìí. Charles Deslondes ló ṣáájú wọn. Wọ́n gba ojú ọ̀nà etí odò, wọ́n forí lé New Orleans, èèyàn sì ń dara pọ̀ mọ́ wọn láti oko dé oko. Àwọn òpìtàn ń pe iye wọn ní igba sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn sì jẹ́ kó wà lára ìdìde ẹrú tó tóbi jù lọ nínú ìtàn Amẹ́ríkà. Àdá àti ọ̀bẹ ìrèké ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ìbọn wọn kò tó nǹkan. Ní 10 January, àwọn olóko àti àwọn ọmọ ogun fọ́ wọn ká. Aláwọ̀ funfun méjì ni wọ́n pa.

Ní 13 January sí 15, wọ́n gbé ìgbẹ́jọ́ kalẹ̀ nínú oko Destrehan. Olóko márùn-ún ni ìgbìmọ̀, Jean Noel sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tó ni ẹrú ló ń dá ẹjọ́ ẹrú. Wọ́n dájọ́ ikú fún èèyàn 18. Lára wọn ni Kook àti Quamana, orúkọ tó fi hàn pé apá ibi tó di Gánà lónìí ni wọ́n ti wá. Inú oko ọ̀gá kálukú ni wọ́n ti yìnbọn pa á, wọ́n gé orí wọn, wọ́n sì gbé e kọ́ sórí òpó lẹ́bàá odò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yan Jean Noel sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Washington, ó sì kọ̀wé fipò náà sílẹ̀ láìpẹ́. Ìwé tí Thomas Jefferson àti James Madison fọwọ́ sí ní 1804 láti fi yàn án sí ìgbìmọ̀ agbègbè Orleans ṣì wà nínú ilé náà. Ẹ má wo ìwé yẹn láìwo àfihàn 1811 tó wà nínú ọgbà kan náà.

Ṣé lóòótọ́ ni pé olówó ibẹ̀ kan fẹ́ dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀?

Stephen Henderson ni, ọmọ Sìkọ́tíláǹdì tó fẹ́ ọmọ Jean Noel. Ó kú ní 1838. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó ní kí wọ́n dá àwọn ẹrú òun sílẹ̀, kí wọ́n sì kó èyí tó bá fẹ́ lára wọn lọ sí Làìbéríà. Àwọn ẹbí gbé ìwé náà lọ sí kóòtù.

Báwo ni ilé ṣe la ogun abẹ́lé já?

Rost wà ní Yúróòpù, ó ń ṣe aṣojú fún ìjọba Confederate, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó fẹ́ yapa, ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ bá gba oko rẹ̀. Ní 1865, àjọ Freedmen's Bureau dá Rost Home Colony sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira: wọ́n ń dáko, wọ́n ń gba owó iṣẹ́, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn sì wà. Nígbà tó yá, Ààrẹ Johnson forí ji Rost, wọ́n dá oko rẹ̀ padà fún un, ibùdó náà sì parí ní 1866. Ìtàn ọdún méjì péré yìí ni àlejò máa ń fò kọjá jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo ilé olóko tó wà létí odò.

Báwo ló ṣe di ahoro?

Ní 1914, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì Mexican Petroleum ra ilẹ̀, ó sì kọ́ ilé ìfọpo sí i. Ní 1959 wọ́n ti ilé ìfọpo pa, wọ́n wó àwọn ilé òṣìṣẹ́, ilé ńlá nìkan ló dúró láìsí olùṣọ́. Ariwo ń lọ pé Jean Lafitte, olè ojú omi, sin ìṣúra sínú ògiri rẹ̀. Àwọn èèyàn bá wá ń dá ògiri lu lóru. Wọ́n tú ibi ìdáná, wọ́n tú ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ pákó lọ. Lọ́dún 1971, American Oil, ilé-iṣẹ́ epo tó ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn, fún River Road Historical Society ní ilé náà pẹ̀lú éékà mẹ́rin. Àwọn ló ń bójú tó o títí dòní.

Tí bíríkì irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ń ṣí, ṣé kéèyàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ?

Kò gbọdọ̀ ṣe é. Bíríkì ìgbà yẹn rọ̀, iná tí wọ́n fi sun ún kò dọ́gba, omi ilẹ̀ sì máa ń gòkè wọnú rẹ̀. Láìmù ń jẹ́ kí omi yẹn gba ojú ìpàdé bíríkì jáde. Sìmẹ́ǹtì le ju bíríkì lọ, kì í jẹ́ kí omi jáde, omi á wá gba inú bíríkì fúnra rẹ̀. Iyọ̀ inú omi á dì lẹ́yìn ojú bíríkì, á sì tì í bọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, ẹ ó rí i pé sìmẹ́ǹtì dúró gbọin, bíríkì tó yí i ká ló ti jẹ wọnú. Ọ̀dà tó dà bíi rọ́bà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ògiri bousillage.

Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó fi irinṣẹ́ ọwọ́ ha ojú ìpàdé tó ti bàjẹ́ jáde, kó jìn tó ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí máa ń gé etí bíríkì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. A ó fọ eruku kúrò, a ó wọ́n omi sí i kí bíríkì má bàa fa omi inú láìmù mu. Òṣùwọ̀n láìmù kan sí iyanrìn mẹ́ta ló máa ń bá ọ̀pọ̀ ilé mu. Kí iyanrìn náà ní hóró ńlá àti kékeré. A ó tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìpele ìpele, a ó fi àpò tútù bò ó, a ó sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá yára gbẹ, á di ìyẹ̀fun. Àìnísùúrù níbi àpò tútù yìí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju àìmọ ìwọ̀n lọ.

Yàtọ̀ sí omi, kí ló tún ń pa ilé wọ̀nyí?

Ikán Formosa, tó bá ẹrù ọkọ̀ ojú omi wọ Louisiana lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ìjì: Ida gba agbègbè yìí kọjá ní 29 August 2021, ó sì ba Whitney, ọgbà ilé olóko mìíràn létí odò yìí, jẹ́ débi tí wọ́n fi tì í fún ìgbà díẹ̀. Iná: ní May 2025, iná run ilé Nottoway ní White Castle, èyí tó tóbi jù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ tó kù ní Gúúsù.

Bí a bá dé ibẹ̀, kí la máa kọ́kọ́ wò?

Òrùlé láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà, ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí bíríkì ti hàn. Lókè, wọ́n fi yàrá kan sílẹ̀ láìtún un ṣe. Ẹ pẹ́ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni igi, amọ̀ àti láìmù ti hàn láìsí aṣọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibi tí ẹrú sùn lẹ fẹ́ rí dáadáa, oko Evergreen létí odò yìí ló ní ahéré ẹrú 22 tó ṣì dúró ní àyè wọn gan-an, Whitney tó ṣí ní 2014 sì gbé gbogbo ìtàn rẹ̀ ka orí ẹrú. Oak Alley, ilé olóko mìíràn tó ní igi óákù 28, ni fọ́tò rẹ̀ pọ̀ jù. Òun ló sì kọ́ni ní ìkọ́lé kéré jù nínú wọn, lójú tiwa.

Ṣé àwọn èèyàn Yorùbá wà lára àwọn ẹrú Louisiana?

Wọ́n wà. Nago ni àwọn akọ̀wé Faransé àti Sípéènì máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Àwọn akọ̀wé wọ̀nyí máa ń béèrè orílẹ̀-èdè ẹrú nígbà tí wọ́n bá ń tà á tàbí tí wọ́n bá ń pín ogún, èyí tí àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ṣe. Gwendolyn Midlo Hall kó àkọsílẹ̀ ẹrú tó tó 100,000 jọ láti 1719 sí 1820, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá fẹ́ wá a, ẹ fi Nago wá orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn náà ẹ fi St. Charles wá párìṣì. Orúkọ Faransé ló máa jáde lọ́pọ̀ ìgbà, Jean tàbí Marie, torí ọ̀gá ló ń sọ wọ́n lórúkọ. Ìlà orílẹ̀-èdè ni kí ẹ tẹjú mọ́, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti iṣẹ́ ọwọ́ tó bá wà níbẹ̀.